Ìlà Kejìlá nínú Ìwé tí A Kọ sí Bíṣọ́ọ̀bù

Fún oṣù mọ́kànlá tí ìjọ wa kò fi ní àlùfáà, agogo ṣọ́ọ̀ṣì kò pa Ìsinmi kan jẹ, síbẹ̀ nígbà tí mo bá rántí àkókò yẹn, ṣe ló dà bí ẹni pé inú omi la ń gbé. Ohùn ń dún, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kó tó dé etí. Àga àlùfáà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, wọ́n ta aṣọ funfun bò ó, kò sẹ́ni tó ń jókòó níbẹ̀. Láàárọ̀, oòrùn a gba fèrèsé wọlé, a rọra gun àga náà bí ológbò, a wà níbẹ̀ títí olùkàwé yóò fi ka ẹ̀kọ́ kejì tán, lẹ́yìn náà a sọ̀kalẹ̀. Mo máa ń wo oòrùn yẹn, mo sì máa ń tẹ́tí sí bí ọmọ mi ṣe ń mí. Iṣẹ́ méjì tí mò ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn.

Ìjọ Áńgílíkà kékeré ni wá ní Kumasi. Àwọn Yorùbá tí bàbá wọn àgbà wá ṣòwò níbí tí wọn kò padà ló pọ̀ jù. Lẹ́yìn wọn ni àwa tí a dé láìpẹ́, àti àwọn ọmọ Asante tí wọ́n fẹ́ wa tàbí tí a fẹ́. A ń ka ẹ̀kọ́ ní Yorùbá, a ń kọ orin ìdúpẹ́ ní Twi, a sì ń ṣe ìkéde ní Gẹ̀ẹ́sì kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò gbọ́. Tùràrí nìkan ni kò nílò ògbufọ̀. Tí èéfín rẹ̀ bá ti gòkè, onílé àti àlejò á mọ̀ pé àwọn ti wọ ilé Ọlọ́run.

Èéfín yẹn gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin ni, ó sì ti ní asimá láti ọmọ ọdún mẹ́ta. Tó bá dé sí i, àyà rẹ̀ á máa dún bí fèrè tí ọmọdé ń fọn, èjìká rẹ̀ méjèèjì á sì máa lọ sókè sódò. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe gba ṣọ́ọ̀bù ìwé àti gègé mi sí Bantama, nítòsí ọsibítù ńlá. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dé géètì ọsibítù jẹ́ ẹgbẹ̀ta ìṣísẹ̀ ó lé méjìlá. Láti ilé wa ní Santasi, tí a bá wọ takisí, ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni ní ìdájí, mẹ́tàdínláàádọ́ta tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ti jáde. Mo ní ìwé kan tí mo fa ìlà sí, tí mò ń kọ gbogbo ọjọ́ tó bá wúkọ́ sí, wákàtí tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó jẹ, ibi tó jókòó sí. Bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Tamale tó sì ń wálé ní ìparí oṣù, máa ń sọ pé bí wọ́n bá pè mí lọ jẹ́jọ́ lọ́run, ìwé yẹn ni n ó gbé dání.

Àlùfáà wa àtijọ́ mọ ọ̀rọ̀ náà láìjẹ́ pé mo sọ ọ́ fún un. Ọmọ náà ò ju ọdún mẹ́rin lọ nígbà tó wúkọ́ ní Ìsinmi kan títí a fi jáde. Ní Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹni tó gbé àwo tùràrí bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, bó ṣe dé ibi tí wọ́n ti ń ka Bíbélì, dípò kó gba ọ̀dọ̀ wa lápá òsì bí ìṣe wọn, ó yà sí ọ̀tún. Èéfín náà yà tẹ̀ lé e. Fún ọdún mẹ́jọ ló fi ń yà síbẹ̀. Fáádà kò bá mi sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí, èmi náà kò dúpẹ́ rí. Mo gbà pé àṣírí àárín èmi àti òun ni.

Lẹ́yìn Àjíǹde ló fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ tó dágbére, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀, ó sọ nǹkan sí ọmọ mi létí. Mo bi í léèrè nínú trotro, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé wa relé, ohun tí Fáádà sọ. Ó ní wọ́n ní kí òun máa gbàdúrà. Ó sì yíjú sí fèrèsé.

Ní ìjọ tiwa, Bíṣọ́ọ̀bù ló ń yan àlùfáà, ṣùgbọ́n ó ránṣẹ́ pé kí a kọ̀wé sí òun, kí a sọ irú ẹni tí a jẹ́ àti irú ẹni tí a ń wá. Ènìyàn mẹ́rin ni ìjọ yàn sí i. Bàbá Ìjọ, tó ń ta ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ní Suame Magazine, ọgbà ńlá àwọn mẹkáníìkì, ni alága. Ìyá Ìjọ, tó ń yan búrẹ́dì láti ìgbà tí mi ò tíì dé Kumasi, ni ìkejì. Ìkẹta ni ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan tí wọ́n bí síbí, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ní Yorùbá tí á parí rẹ̀ ní Twi. Èmi ni akọ̀wé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé mẹ́wàá péré ni mo kà, nítorí pé ìlà mi kì í wọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú la máa ń pàdé nínú yàrá tí àlùfáà ti ń wọṣọ. Aṣọ Fáádà ṣì wà lórí ìkọ́, tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, apá aṣọ á rọra mì bí ẹni pé ó fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀. Láti ojú fèrèsé la ti ń rí àwọn àdán tó ń ṣí kúrò lórí igi láàárín ìlú, wọ́n á kọjá lórí wa lọ́pọ̀ yanturu láìpariwo, ojú ọ̀run á ṣú díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá Ìjọ ń fẹ́ àlùfáà tó gbọ́ Yorùbá, nítorí pé òun kò fẹ́ kí wọ́n fi èdè tí òun fi ń ná ọjà gbàdúrà fún òun nígbà tí òun bá ń kú lọ. Olùkọ́ ń fẹ́ ẹni tó gbọ́ Twi, torí pé àwọn ọmọ wa ń sun oorun tí ìwàásù bá ti di ti Yorùbá. Ìyá Ìjọ ní ẹni tó bá ṣáà ti lè jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún un láìyọ eegun kálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun ti tán.

“Àlùfáà ò yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀,” Bàbá Ìjọ wí. “Ẹ má wo ọ̀dà tí wọ́n kùn ún. Ẹ ní kí wọ́n tan án, kí ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀.”

“Ta ní fẹ́ bá wa tan Fáádà?” Ìyá Ìjọ bi í. “Ìwọ lo ní kọ́kọ́rọ́?”

A rẹ́rìn-ín títí olùkọ́ fi nu ojú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá gbé gègé, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi. Ẹni tó ń bọ̀ kò mọ̀ wá rí. Kò ní mọ̀ pé èéfín gbọ́dọ̀ yà. Ó lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn kó máa yí gbogbo ilé ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí mo fẹ́ ni àlùfáà tí ọmọ mi á lè mí níwájú rẹ̀. Mi ò lè dá gbólóhùn yẹn sọ láàárín àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa ikú àti èdè àti àwọn èwe, kí wọ́n má baà rò pé torí ọmọ ẹyọ kan ni mo ṣe wá.

Ohun mọ́kànlá la fẹnu kò lé lórí. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni mo jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Òjò ń rọ̀, ọmọ mi ti sùn lórí àga gbọọrọ, èémí rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ geere, òórùn ilẹ̀ tútù kún yàrá. Mo fi rúlà wọn bébà, mo fa ìlà. Nígbà tí mo kọ ìkọkànlá tán, ìlà kan ṣófo nísàlẹ̀. Ìlà tó bá ṣófo kì í jẹ́ kí n sinmi. Ohun tí mo wá ṣe dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sùn tí ó rí i pé ọwọ́ òun ń ṣe nǹkan kan. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Kí ó jẹ́ ẹni tí kì í sun tùràrí nínú ìsìn.* Mo fẹnu fẹ́ ẹ kó gbẹ. Ọmọ mi yí padà lójú oorun.

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé e lọ fún Bàbá Ìjọ ní Suame. Ó jókòó láàárín àwọn ẹ́ńjìnì tó tò bí ẹran tó ń sinmi, wọ́n ń lu irin lọ́tùn-ún lósì. Kò mú awò ojú rẹ̀ dání. Ó gbé bébà náà jìnnà sí ojú, ó tún gbé e súnmọ́.

“Ṣé ohun tí a jọ sọ ló wà níbẹ̀, Akọ̀wé?”

“Òun ni, sà.”

Ó fọwọ́ sí i. Àtàńpàkò rẹ̀ fi epo ẹ́ńjìnì sílẹ̀ ní igun bébà, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má bínú pé òun ba ìwé mi jẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, a ń retí. A kì í jẹ́ kí ilé míṣọ́ọ̀nù, ibi tí àlùfáà máa ń gbé, dákẹ́ jù. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìdílé kan á lọ gbá a, á ṣí fèrèsé, á jókòó díẹ̀, á sì sọ̀rọ̀ sókè, nítorí Ìyá Ìjọ ní ilé tó bá pẹ́ tí kò gbọ́ ohùn ènìyàn, ó máa ń ṣòro fún ẹni tó bá tún fẹ́ wọ̀ ọ́. Àwa la lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì oṣù kẹwàá. Mo ní kí ọmọ mi dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí eruku yóò fi rọlẹ̀, mo ka ọ̀ọ́dúnrún kí n tó pè é. Kò dáhùn. Mo rìn yí ilé náà ká, ọkàn mi ti dé ọsibítù kí ẹsẹ̀ mi tó dé yàrá ẹ̀yìn.

Yàrá yẹn ni a kó àwọn ohun èlò fàdákà ṣọ́ọ̀ṣì pamọ́ sí. Ọmọ mi ti gbé abọ́ kékeré tí a ń pè ní ọkọ̀ jáde, abọ́ tó rí bí ọkọ̀ ojú omi, tí tùràrí tí a kò tíì sun máa ń wà nínú rẹ̀. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sí àyà, ó ń rìn láti ògiri dé ògiri, ẹsẹ̀ kan, ìdúró, ẹsẹ̀ kan, ìdúró. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ara aṣọ fèrèsé wọlé, eruku tí mo rò pé ó ti rọlẹ̀ ń yí i ká bí wúrà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó. Ó dà bí ẹni tí mi ò bí.

Nígbà tó rí mi, ó kọ́kọ́ fi Twi bẹ̀ mí. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́: ohun tí Fáádà sọ sí i létí lọ́jọ́ yẹn ni pé tó bá ti pé ọmọ ọdún méjìlá, ó lè gbé ọkọ̀ tùràrí lọ sí pẹpẹ, bó bá wù ú. Ó ti pé ọdún méjìlá ní oṣù kẹjọ.

Mo ní kò lè ṣeé ṣe. Mo ní Fáádà kọ́ ló ń sáré gbé e lọ sí Bantama. Mo sọ ọ̀pọ̀ nǹkan, ó sì dúró títí mo fi sọ wọ́n tán.

“Màámi, ìgbà wo ló dé sí mi gbẹ̀yìn?”

Mo mọ̀ ọ́n. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá.

“Ẹ̀yin lẹ̀ ń bẹ̀rù èéfín,” ó wí. “Èmi kọ́.” Ó nu ọkọ̀ náà pẹ̀lú etí aṣọ rẹ̀, ó sì dá a padà síbi tó ti mú un.

Bíṣọ́ọ̀bù rán àlùfáà kan sí wa ní Ìsinmi Àwọn Ẹni Mímọ́, kó lè rí wa, kí a lè rí i. Ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, bàbá rẹ̀ ará Cape Coast, ó sì ń sọ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gun àkàsọ̀. Ohùn rẹ̀ tútù. Ó ń wàásù, àwọn ọmọ ò sì sùn. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn ni gbogbo ènìyàn ti ń wẹ̀yìn. Ní ọjọ́ Àwọn Ẹni Mímọ́, a kì í bẹ̀rẹ̀ láìsí tùràrí. Àwọn àgbàlagbà tó wá gbàdúrà fún òkú wọn ń wo ojú ọ̀nà bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ tí kò dé. Orin dún, orin parí. Afẹ́fẹ́ inú ilé mọ́ gaara, ó sì ṣófo. Ohun tí mo ti ń tọrọ fún oṣù méje nìyẹn, mo sì jókòó sínú rẹ̀ bí ẹni tó jí sí ilé onílé. Ọmọ mi wo pẹpẹ, ó wò mí. Ó mọ̀ pé ọwọ́ mi wà nínú ẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, àwa mẹ́rin bá àlùfáà náà wọ yàrá ìmúra. Bàbá Ìjọ kí i dáadáa, lẹ́yìn náà ló rọra béèrè bóyá wọ́n gbàgbé tùràrí ni.

Àlùfáà náà mú ìwé wa jáde láti inú Bíbélì rẹ̀. Mo rí àmì àtàńpàkò epo ní igun rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ràn tùràrí, ìyá òun a tilẹ̀ máa sọ pé òun ti ń gbóòórùn rẹ̀ láti inú oyún, ṣùgbọ́n òun kò ní í fi ohun tí ìjọ kọ̀ wọlé tọ̀ wọ́n. Ó wá ka ìlà kejìlá sókè.

Olùkọ́ wo Ìyá Ìjọ. Bàbá Ìjọ gba ìwé náà, ó wọ awò rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó kà á, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló ká a ní ìṣẹ́po mẹ́rin.

“Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, Fáádà,” ó wí. “Ohun tí mo bá fọwọ́ sí, èmi ni mo sọ ọ́.”

Bó bá jẹ́ pé ó bínú ni, bóyá ǹ bá dákẹ́. Mo kúnlẹ̀. Mo ní èmi ni. Mo ní irọ́ ni mo pa fún wọn ní Suame, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: asimá, àṣírí àárín èmi àti Fáádà àtijọ́, ìlà tó ṣófo.

“Àṣírí wo?” Ìyá Ìjọ bi mí. “Ọdún mẹ́jọ ni èéfín fi ń yà sí wa lára lápá ọ̀tún, kí lo rò pé ó ń wá lọ́dọ̀ wa? Ṣé o rò pé ojú wa fọ́ ni? Fáádà àtijọ́ wá sí ìdí ààrò mi lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Ìsinmi tí ọmọ ẹ wúkọ́ yẹn, ó bi mí bí èéfín ṣe ń rìn. Mo ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn òsì, kí wọ́n yà sí ọ̀tún. Gbogbo àwa tí à ń jókòó lápá ọ̀tún la gbà. Ohun tí gbogbo ìjọ ti ń ṣe fún ọ, o wá lọ kọ ọ́ fún Bíṣọ́ọ̀bù pé a ò fẹ́ ẹ.”

Bàbá Ìjọ ní kí n dìde, pé sìmẹ́ńtì tutù. Ó ní òun kò bínú nítorí ọmọ, ṣùgbọ́n òun bi mí ní ìbéèrè kan láàárín ẹ́ńjìnì, mo sì dá òun lóhùn. Ìyẹn ni kò dùn mọ́ òun nínú. Títí di òní, tó bá fẹ́ fọwọ́ sí ohunkóhun tí mo kọ, ó máa ń wọ awò ojú rẹ̀. N kò dá a lẹ́bi.

Àlùfáà náà ṣí ilẹ̀kùn, ó pe ọmọ mi tó ń dúró dè mí lábẹ́ òrùlé, ó sì bi í ohun tó fẹ́. Ó dá a lóhùn pé òun fẹ́ gbé ọkọ̀. Àlùfáà wá kọjú sí mi. Ó ní tùràrí inú ọkọ̀ kò tíì jóná, kò ní èéfín, àwo ló ní èéfín. Ó ní àwọn méjèèjì kò pọn dandan kí wọ́n rìn pọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ni mo jẹ́, òun kò ní ṣe é láìṣe pé mo fọwọ́ sí i, àti dókítà.

“Kí o wò ó dáadáa kí o tó fọwọ́ sí i,” Bàbá Ìjọ wí. Ìyá Ìjọ nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Dókítà rẹ̀ ní Bantama ka ìwé àkọsílẹ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní kó máa lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, kí páǹpù tó ń fà sẹ́nu wà lára rẹ̀, kó dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń wá, kó sì jáde bó bá ti wúkọ́. Ó ní kí a jẹ́ kí ọyẹ́ kọjá ná. Mo kọ ìwé mìíràn sí Bíṣọ́ọ̀bù, ìlà mọ́kànlá, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kà á sókè kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fi àlùfáà náà jẹ. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn òsì sílẹ̀ gbayawu. Ìyá Ìjọ ti wá láti àárọ̀, ó fi ìyẹ̀fun díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ ẹ, ó wo ibi tó lọ. Ọmọ mi rìn síwájú, ọkọ̀ ní àyà rẹ̀, ẹsẹ̀ kan, ìdúró, ẹsẹ̀ kan, ìdúró. Páǹpù wà nínú àpò aṣọ funfun rẹ̀. Àwo tùràrí ń bọ̀ lẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá gẹ́lẹ́, mo ti wọ̀n ọ́n. Èéfín dìde, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, lẹ́yìn náà ó yà sí ọ̀tún, àwọn tó wà níbẹ̀ súnmọ́ ara wọn láti gbà á.

Mo ń ka èjìká rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀. Mo kà á dé mọ́kànlélógójì. Ìgbà náà ni orin Twi bẹ̀rẹ̀, oòrùn sì ti dé orí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ó bá ènìyàn níbẹ̀, ó gun itan rẹ̀. Nígbà tí mo rántí pé mò ń ka nǹkan, mi ò mọ ibi tí mo dé mọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, ó wá bá mi níta, ó na páǹpù sí mi. Ó ti gbóná nínú àpò rẹ̀.

“Ẹ gbà, Màámi,” ó wí. “Ó ń gbá mi lẹ́sẹ̀ tí mo bá ń rìn.”